Ariwo Ẹ̀rọ àti Ohùn Oògùn: Ohun tí Ìṣàtúnṣe Ìṣirò Ń Ṣe Nínú Ìdánwò Oògùn

Ẹ̀yìn ni ará Ọ̀tà ti mọ oògùn. A mọ ọkọ̀ tó ń kó páálí rẹ̀ jáde, a mọ àwọn ọmọ wa tó ń wọ aṣọ funfun lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, a sì mọ ohun tí wọ́n ń gbà lóṣù. Fidson ní ilé tí wọ́n ti ń ṣe oògùn ní Sango-Ọ̀tà. Ní Àgbárá, tí òun náà wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà, ni GSK fìdí sí fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó kéde ní oṣù kẹjọ ọdún 2023 pé òun ń kógbá sílé ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tó máa ń ṣáájú páálí, tí ojú ọ̀pọ̀ nínú wa kò tó: bí wọ́n ṣe mọ̀ pé oògùn kan sàn ju èkejì lọ.

Ní ọdún 2024, Dókítà Dike Ojji ti Yunifásítì Àbújá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èsì ìdánwò kan jáde tí wọ́n pè ní VERONICA. Ọ̀ọ́dúnrún (300) àgbàlagbà tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló kópa nínú rẹ̀. Wọ́n fún àwọn kan ní hóró kan ṣoṣo tí oògùn mẹ́ta wà nínú rẹ̀ níwọ̀n kékeré, ìyẹn telmisartan, amlodipine àti indapamide. Wọ́n sì tọ́jú àwọn yòókù bí ìlànà ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru ti Nàìjíríà ṣe là á sílẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nọ́mbà òkè nínú BP (ìwọ̀n ìfúnpá ẹ̀jẹ̀) tí wọ́n ń wọ̀n nílé ti fi 31 wálẹ̀ lára àwọn tó ń lo hóró náà, ó sì ti fi 26 wálẹ̀ lára àwọn yòókù. Ẹni tó bá fi ìka ṣírò yóò ní ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 5. Ohun tí àwọn oníwàdìí kọ ni 5.8, wọ́n sì sọ pé iye tí àwọn ti ṣàtúnṣe ni.

Lóòótọ́, wọ́n ti gé ìdá kéékèèké kúrò lára 31 àti 26 kó lè rọrùn láti kà, ìyẹn nìkan sì lè mú kí 5 wa yẹn má ṣe géérégé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ “ṣàtúnṣe” ló máa ń kọ àwọn èèyàn lóminú. Kí ló bàjẹ́ tí wọ́n ń tún ṣe? Ta ló fún wọn láṣẹ? Ṣé kì í ṣe pé wọ́n ń lọ́ nọ́mbà po kí oògùn wọn lè tà? Ìbéèrè gidi ni, pàápàá ní orílẹ̀-èdè tí ọ̀rọ̀ ìdánwò oògùn Trovan tí Pfizer ṣe lára àwọn ọmọdé ní Kánò lọ́dún 1996 kò tíì tán nínú aráàlú. Èmi gbà pé ìṣàtúnṣe tí wọ́n bá ti kọ sílẹ̀ ṣáájú kì í ṣe màgòmágó rárá. Ara ọ̀wọ̀ tó yẹ ká fún ẹni tó gbé ara rẹ̀ kalẹ̀ fún ìdánwò ni.

Ohun tí gègé ń ṣe, àti ohun tí kì í ṣe

Nínú ìdánwò oògùn tó péye, gègé ni wọ́n fi ń pín àwọn olùkópa. Dókítà kọ́ ló ń yan ẹni tí yóò gba oògùn tuntun, aláìsàn kọ́, ilé-iṣẹ́ tó ṣe oògùn náà kọ́. Ibi tí gègé bá já sí ni olúwarẹ̀ ń lọ. Ìdánwò streptomycin fún ikọ́ ife, tí ìgbìmọ̀ ìwádìí ìṣègùn ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 1948, ló sọ ọ̀nà yìí di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Aláìsàn 107 ni wọ́n lò: 55 gba oògùn náà pẹ̀lú ìsinmi lórí ibùsùn, 52 gba ìsinmi nìkan. Austin Bradford Hill, onímọ̀ ìṣirò, ló ṣètò bí gègé náà ṣe lọ.

Gègé ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ ojúsàájú. Kò sí ẹni tó lè kó àwọn tó lágbára sí apá kan kó sì kó àwọn tó ti rẹ̀ sí apá kejì. Àmọ́ gègé kò ṣèlérí pé ẹgbẹ́ méjèèjì yóò dọ́gba délẹ̀délẹ̀. Ẹ pín 300 èèyàn sí méjì, ẹ lè rí i pé àgbàlagbà pọ̀ díẹ̀ ní apá kan, tàbí pé BP apá kan ti ga ju ti èkejì lọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ṣe àbòsí. Bí gègé ṣe máa ń rí nìyẹn. Bí èèyàn bá ṣe ń pọ̀ tó ni àìdọ́gba yìí ń kéré tó, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àwọn ìdánwò ńláńlá fi ń kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn jọ.

Àwa kì í sábà rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún kó jọ. Ti Àbújá yẹn jẹ́ 300. Ìdánwò THRIVES, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Máyọ̀wá Owólabí ti Ìbàdàn darí nítorí àwọn tó ti ní àrùn rọpárọsẹ̀, jẹ́ 400. Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta ni wọ́n ti ṣe é, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Abẹ́òkúta àti Sacred Heart ní Lántòrò sì wà lára àwọn tó kópa. Níbi tí owó ti ṣọ̀wọ́n tí olùkópa náà sì ṣọ̀wọ́n, a ò gbọ́dọ̀ fi ohunkóhun tí àwọn díẹ̀ yẹn bá sọ fún wa ṣòfò.

Ẹ̀rọ tó ń dún

Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ rí nínú ilé-iṣẹ́ kan ní ọ̀nà Ìdíìrókò mọ̀ pé bí ọ̀gá bá ń pe èèyàn tí onítọ̀hún kò gbọ́, kì í ṣe pé ọ̀gá kò pariwo. Ẹ̀rọ ló ń dún. Bí wọ́n bá pa ọ̀kan nínú ẹ̀rọ mẹ́rin, ohùn ọ̀gá kò lọ sókè, kò sì yí padà, ṣùgbọ́n ẹ ó gbọ́ ohun tó ń sọ. Ohun tí ìṣàtúnṣe ń ṣe gan-an nìyẹn: ó ń pa ẹ̀rọ tí a mọ ibi tó wà. Iṣẹ́ tí oògùn ṣe ni ohùn. Ìyàtọ̀ tó ti wà láàárín èèyàn àti èèyàn kí oògùn tó dé ni ariwo.

Ẹ wo BP fúnra rẹ̀. Ọkùnrin kan parí iṣẹ́ òru ní agogo méje àárọ̀. Ó ti jẹ obì kí oorun má bàa gbé e lọ, ó ti du ọkọ̀ ní Ojú-Ọrẹ, ó sì ti bá kọ̀ńdọ́ ṣe gbólóhùn asọ̀ lórí ṣéńjì. Bí nọ́ọ̀sì bá so aṣọ BP mọ́ ọn lápá lójú ẹsẹ̀, ohun tí yóò kọ kì í ṣe BP tí ọkùnrin náà ń gbé kiri lójoojúmọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní kó jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó fẹ̀yìn ti àga, kó tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀, kó gbé apá lé tábìlì ní déédéé àyà, kó má sì sọ̀rọ̀. Wọ́n á sì wọ̀n ọ́n ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Pẹ̀lú gbogbo ìṣọ́ra yẹn náà, ẹnì kan lè wọlé pẹ̀lú 144, kí ẹni tó tẹ̀ lé e wọlé pẹ̀lú 171. Ìyàtọ̀ 27 ti wà nílẹ̀, oògùn kò tíì kan ètè ẹnikẹ́ni. Bí oògùn bá wá fi 5 tàbí 6 sàn ju èkejì lọ, ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni láàárín ariwo ńlá.

Ohun tó ń ràn wá lọ́wọ́ ni pé ẹni tí BP rẹ̀ ga níbẹ̀rẹ̀ sábà máa ń wà lára àwọn tí tiwọn ga ní ìparí náà. Nọ́mbà ìbẹ̀rẹ̀ ń ta wá lólobó nípa ti ìparí. Ohunkóhun tí wọ́n bá kọ sílẹ̀ nípa olùkópa kí gègé tó já, tó sì lè ta wá lólobó bẹ́ẹ̀, ni mo ń pè ní àmì ìbẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ orí lè jẹ́ ọ̀kan. Ìwọ̀n ara, bí kídìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ sí, ilé ìwòsàn tí olùkópa ti wá, gbogbo wọn lè jẹ́ àmì ìbẹ̀rẹ̀.

Ìṣirò náà

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Nọ́mbà inú rẹ̀ kì í ṣe ti ìdánwò kankan, mo kàn yàn wọ́n nítorí pé wọ́n rọrùn láti ṣírò. Ká sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ní Sango ló kópa. Gègé pín wọn sí méjì. Ẹgbẹ́ kìíní, tó gba oògùn tuntun, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àròpín BP 158, ó sì parí sí 134. Ẹgbẹ́ kejì, tó gba oògùn àtijọ́, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 154, ó sì parí sí 138.

Ẹni tó bá wo ìparí nìkan yóò sọ pé oògùn tuntun fi 4 sàn ju ti àtijọ́, torí pé 138 fi 4 ju 134 lọ. Ẹlòmíràn á ní rárá, ẹ jẹ́ ká yọ ìparí kúrò nínú ìbẹ̀rẹ̀: ẹgbẹ́ kìíní fi 24 wálẹ̀, ìkejì fi 16 wálẹ̀, nítorí náà ìyàtọ̀ jẹ́ 8. Ọ̀nà kejì yìí dà bí ẹni pé ó péye ju ti àkọ́kọ́, torí ó ka ìbẹ̀rẹ̀ sí. Ó kà á sí jù. Nínú 158 tí wọ́n kọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, apá kan jẹ́ ti àìsùn, apá kan jẹ́ ti ìbẹ̀rù dókítà, apá kan sì jẹ́ ti họ́ọ̀nù àti sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ abẹ́ bíríìjì Sango. Nọ́mbà tó bá ga ju bó ṣe yẹ lọ lónìí máa ń sọ̀ díẹ̀ bí wọ́n bá tún un wọ̀n, oògùn ì báà wà, ì báà má wà. Ẹgbẹ́ tó fi 4 ga ju èkejì lọ níbẹ̀rẹ̀ kò ní lè fi odindi 4 náà ga jù ú lọ títí dé ìparí.

Ọ̀nà kẹta ni ìṣàtúnṣe. Kò gbà pé ìbẹ̀rẹ̀ kò já mọ́ nǹkan bíi ti àkọ́kọ́, kò sì gbà pé gbogbo rẹ̀ ló ń bá èèyàn dé ìparí bíi ti èkejì. Ó ń bi àwọn olùkópa fúnra wọn léèrè: nínú ẹgbẹ́ kan náà, ẹni tó fi 10 ga ju ẹnì kejì lọ níbẹ̀rẹ̀, èló ló fi ga jù ú lọ ní ìparí? Ká ní ìdáhùn jẹ́ 5, ìdajì. Á jẹ́ pé 4 tí ẹgbẹ́ kìíní fi ga níbẹ̀rẹ̀ yóò di 2 ní ìparí bí oògùn méjèèjì bá dọ́gba. Ó yẹ kí ẹgbẹ́ kìíní fi 2 ga ju èkejì lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ó fi 4 kéré sí i. Iṣẹ́ tí oògùn tuntun fi ju ti àtijọ́ lọ jẹ́ 2 pẹ̀lú 4, ìyẹn 6.

Ìdáhùn mẹ́ta, 4, 8 àti 6, ló jáde láti inú fọ́ọ̀mù kan náà. Ẹ̀tàn ha wà nínú wọn bí? Rárá o. Ká ní a lè tún ìdánwò yìí ṣe ní ìgbà ẹgbẹ̀rún, kí a máa ṣẹ́ gègé tuntun nígbà kọ̀ọ̀kan, àròpín ohun tí ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá sọ yóò bọ́ sí ibì kan náà. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni bí ìdáhùn wọn ṣe ń ta síhìn-ín ta sọ́hùn-ún láti ìdánwò kan sí òmíràn. Ti ọ̀nà kẹta ni kì í ta jìnnà. Nítorí pé ìdánwò kan ṣoṣo la sì máa ń lówó láti ṣe, èyí tí kì í ta jìnnà ló yẹ ká dì mú.

Bí nọ́mbà ìbẹ̀rẹ̀ ṣe ń bá ti ìparí rìn tó ni èrè náà ṣe ń tó. Láti 0 dé 1 ni àwọn onímọ̀ ìṣirò fi ń wọn ìbárìn yẹn. Bí ó bá jẹ́ 0.5, ẹ fi ara rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó rí 0.25: ìdá kan nínú mẹ́rin ariwo náà ti lọ, 300 olùkópa á sì ṣe iṣẹ́ 400. Bí ó bá jẹ́ 0.7, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ariwo tó lọ, 300 á ṣe iṣẹ́ tó súnmọ́ ti 600. Ọ̀nà yíyọ ìparí kúrò nínú ìbẹ̀rẹ̀ kò mú èrè kankan wá rárá nígbà tí ìbárìn bá jẹ́ 0.5, bó bá kéré sí ìyẹn, ṣe ló ń dá kún ariwo. Ẹ sì rántí pé nọ́mbà ìbẹ̀rẹ̀ yìí, wọ́n ti máa wọ̀n ọ́n tẹ́lẹ̀. Kò sí owó tuntun tí ẹnikẹ́ni ná.

Èyí ló tún ṣàlàyé nọ́mbà méjì mìíràn tí VERONICA kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ 5.8: láti 3.6 títí dé 8.0. Ìyẹn ni ààlà tí wọ́n gbà pé iṣẹ́ oògùn náà wà nínú rẹ̀. Bí ariwo bá ń dínkù ni ààlà yẹn ń fún pọ̀. Bó bá fẹ̀ jù, títí tó fi gba òdo mọ́ra, dókítà kò ní lè fọwọ́ sọ̀yà pé oògùn náà sàn ju ti tẹ́lẹ̀.

Inú oko tíì

Oko ni wọ́n ti mú ọgbọ́n ìṣàtúnṣe yìí wá sí ilé ìwòsàn. Ronald Fisher, tó ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ Rothamsted ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi í kún ìwé ìṣirò rẹ̀ lọ́dún 1932. Ewé tíì láti Ceylon, tí a ń pè ní Sri Lanka lónìí, ló fi ṣe àpẹẹrẹ. Abala oko kan máa ń mú ewé jáde ju òmíràn lọ kí ẹnikẹ́ni tó dán ohun tuntun wò níbẹ̀, nítorí náà ó lo ìkórè ìgbà tó ti kọjá láti fi tún ìṣirò ìkórè tuntun ṣe.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú

Ìbẹ̀rù pé oníwàdìí lè fi ìṣàtúnṣe wá èsì tó bá wù ú kì í ṣe ìbẹ̀rù asán. Bí ó bá dúró títí tó fi rí èsì, tó fi ọjọ́ orí ṣàtúnṣe, tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, tó gbé ìwọ̀n ara wọlé, tó yọ ọ́, tó gbé sìgá wọlé, yóò bá ọ̀kan tó máa dùn mọ́ ọn nínú. Màgòmágó nìyẹn, kò lórúkọ mìíràn. Ohun tó ń dènà rẹ̀ ni àkọsílẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ ẹgbẹ́ tó ń borí, wọ́n ti gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àwọn àmì ìbẹ̀rẹ̀ tí wọ́n máa lò àti bí wọ́n ṣe máa lò wọ́n. Àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, FDA, sọ èyí kedere nínú ìlànà tó gbé jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 2023; ti ilẹ̀ Yúróòpù ti gbé irú rẹ̀ jáde lọ́dún 2015. Lọ́dọ̀ wa níbí, ìdánwò oògùn gbọ́dọ̀ gba àṣẹ NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Nàìjíríà, kí ó sì gba ọwọ́ ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó ẹ̀tọ́ olùkópa kọjá kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Inú ètò tí wọ́n gbé síwájú wọn yẹn ni kí ẹ wá orúkọ àwọn àmì ìbẹ̀rẹ̀ náà sí, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́.

Àwọn mìíràn gbà pé ìgbà tí ẹgbẹ́ méjèèjì kò bá dọ́gba nìkan ni ìṣàtúnṣe wúlò. Wọ́n á kọ́kọ́ yẹ ìbẹ̀rẹ̀ wò, wọ́n á ṣe ìṣirò láti mọ̀ bóyá àìdọ́gba náà “ju ti gègé lọ”. Èyí kò nítumọ̀ lójú mi, torí a ti mọ̀ pé gègé ló fà á. Òun la fi pín wọn. Bí àròpín méjèèjì bá tilẹ̀ bá ara wọn mu régé, ìyàtọ̀ ẹnì kan sí ẹnì kejì nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣì wà, òun gan-an sì ni ariwo. Àmì tó bá lágbára, kí wọ́n lò ó, yálà ẹgbẹ́ dọ́gba tàbí kò dọ́gba.

Èyí tó léwu jù ni kí èèyàn lo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn gègé. Amlodipine máa ń mú kí ọrùn ẹsẹ̀ wú lára àwọn kan, ìyẹn sì lè mú kí wọ́n pa hóró wọn tì. Bí oníwàdìí bá wá fi iye hóró tí olùkópa gbé mì ṣàtúnṣe ìṣirò, ó ti yọ lára iṣẹ́ oògùn fúnra rẹ̀ dànù, ó sì ti fi ẹni tó fara da oògùn wé ẹni tí kò lè fara dà á. Gègé kò dáàbò bo irú ìfiwéra bẹ́ẹ̀.

Ìṣàtúnṣe kò sì lè wo ìdánwò tí wọn kò ṣe dáadáa sàn. Bí ilé-iṣẹ́ bá dá òṣìṣẹ́ dúró, tí ọ̀pọ̀ olùkópa kó kúrò ní Ọ̀tà tí ẹnikẹ́ni kò tọ̀ wọ́n lọ, kò sí ìṣirò tó lè fi BP wọn sílẹ̀ síbi tó ṣófo. Kì í sì í fún ìtọ́jú ní ohùn tí kò ní. Nínú THRIVES tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn ọdún kan, wọn kò rí ìyàtọ̀ tó ṣe é gbára lé nínú BP ẹgbẹ́ méjèèjì, bẹ́ẹ̀ náà sì ni wọ́n ṣe kọ ọ́.

Nígbà tí ìdáhùn bá jẹ́ ikú tàbí ìyè

BP jẹ́ nọ́mbà tó ń lọ sókè sódò. Ẹni tí ọkọ̀ gbá ní títì Èkó sí Abẹ́òkúta, ohun tí ìdánwò fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀ ni bóyá ó yè. Nínú ìdánwò CRASH-2, tí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2010, 20,211 èèyàn tó fara pa ló kópa ní orílẹ̀-èdè 40, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Dókítà Edward Komoláfẹ́ ti Ilé-Ifẹ̀ wà lára àwọn tó kọ èsì náà. Nínú àwọn tó gba tranexamic acid, oògùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, ìdá 14.5 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú. Nínú àwọn tí kò gbà á, ìdá 16.0 ni. Ó gba ẹgbàáwá èèyàn kí ìyàtọ̀ tí kò tó méjì nínú ọgọ́rùn-ún yẹn tó fojú hàn.

Àmì ìbẹ̀rẹ̀ lè ràn wá lọ́wọ́ níbí náà. Lórí àwọn tí orí wọn fọ́, àwọn onímọ̀ ti mọ ọjọ́ pẹ́ pé ọjọ́ orí, bí ẹyinjú ṣe ń dáhùn sí iná, àti bí aláìsàn ṣe ń ta pútú nígbà tó dé ilé ìwòsàn ń sọ púpọ̀ nípa ẹni tó máa yè. Iṣẹ́ kan tí ẹgbẹ́ IMPACT tẹ̀ jáde lọ́dún 2006 fi hàn pé bí wọ́n bá fi irú àmì bẹ́ẹ̀ ṣàtúnṣe, ìdánwò lè fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún dín iye aláìsàn tó nílò kù. Ohun kan ló gba ìṣọ́ra níbẹ̀. Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, nọ́mbà tí wọ́n ṣàtúnṣe lè máa dáhùn ìbéèrè tó yàtọ̀ díẹ̀: àǹfààní oògùn fún àwọn tí ọjọ́ orí àti ìpalára wọn jọra, dípò àǹfààní rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó wọ ilé ìwòsàn lápapọ̀. Méjèèjì lè jẹ́ òótọ́ kí nọ́mbà wọn má sì dọ́gba. Oníwàdìí gbọ́dọ̀ sọ èyí tó ń dáhùn.

Ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó síwájú nọ́ọ̀sì

Gbogbo èyí dúró lórí òótọ́ tí olùkópa bá sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Òṣìṣẹ́ tó ti ń ra oògùn BP ní kẹ́mísìtì tó wà nítòsí ilé rẹ̀ lè fi í pamọ́, bóyá torí ó ń bẹ̀rù pé wọn ò ní gba òun sínú ìdánwò, bóyá torí kò fẹ́ kí ọ̀gá òun gbọ́ pé òun ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Nọ́mbà ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ á wá jẹ́ ti oògùn tí kò dárúkọ; ẹ̀rọ tí à bá pa á máa dún lọ. Ìlànà tó de ìwádìí kò fàyè gba kí wọ́n fi fọ́ọ̀mù olùkópa han ilé-iṣẹ́ tó gbà á síṣẹ́ láìjẹ́ pé olùkópa náà fọwọ́ sí i. Ó ní ẹ̀tọ́ láti béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, kó tó tẹ̀ka sórí ìwé, àwọn tí yóò rí ohun tó bá sọ àti ibi tí wọn yóò tọ́jú rẹ̀ sí.